Tíkẹ́ẹ̀tì Òlíńpíìkì, Egonu, àti àríyànjiyàn wa ní Padova

Tẹ́ ẹ bá rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan làwọn ará Ítálì máa ń tìtorí ẹ̀ pariwo, ẹ wá sí apá Veneto tí mò ń gbé yìí. Fọ́líbọ́ọ̀lù ni tiwọn o, pàápàá ti àwọn obìnrin. Tílẹ̀ bá ti ṣú báyìí, àwọn ọmọdébìnrin á kún inú jímù, àwọn ìyá wọn á jókòó sórí àga, wọ́n á máa lọgun bí ẹni pé ife àgbáyé ni wọ́n ń dù, ọmọ tèmi náà sì wà níbẹ̀. Paola Egonu gan-an, ìràwọ̀ tíìmù fọ́líbọ́ọ̀lù obìnrin Ítálì, Cittadella tí kò jìnnà sí wa ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1998, ọmọ Nàìjíríà sì ni bàbá àti ìyá ẹ̀, torí náà tí ọ̀rọ̀ tíìmù yẹn bá ti délẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí wa tó ń ta gàrí àti èlùbọ́ nítòsí stéṣọ̀n, kì í tán bọ̀rọ̀.

Àsìkò tó gbóná jù ni 2023 wọ 2024. Tọ́kì kọ́kọ́ lu Ítálì wa ní sẹ́ẹ̀tì 3-2 ní sẹmi-fáínà ife Yúróòpù, Melissa Vargas ló ń da bọ́ọ̀lù bolẹ̀ fún wọn, ọmọ Cuba tó ti di ọmọ Tọ́kì, ni àǹtí bá ní ẹ̀jẹ̀ wa ló ń na ẹ̀jẹ̀ wa. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ìdíje tíkẹ́ẹ̀tì Paris, ìyẹn àyè láti gbá bọ́ọ̀lù ní Òlíńpíìkì 2024, bẹ̀rẹ̀: tíìmù 24, ojúkò 3, ẹni méjì péré ló ń yege níbi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ju Ítálì sí Łódź ní Pólàǹdì, Egonu ò sí níbẹ̀, Amẹ́ríkà àti Pólàǹdì sì gba tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, àdúgbò wa dà bí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀.

Ní 2023 yẹn náà ni ọ̀gágun Ítálì kan kọ ọ́ sínú ìwé pé òótọ́ ni Egonu ní pásípọ́ọ̀tù Ítálì ṣùgbọ́n ìrísí ẹ̀ ò jọ ti ọmọ Ítálì. Kò sì yà wá lẹ́nu o, torí ní 2022 tí wọ́n parí ìdíje àgbáyé pẹ̀lú ipò kẹta, fídíò kan jáde tó ti ń sunkún tó ń ṣàlàyé pé wọ́n ń béèrè bóyá ọmọ Ítálì lòun, pé ó ti sú òun.

Ó wá ku tíkẹ́ẹ̀tì 5 nílẹ̀, ipò nínú ràǹkíǹ àgbáyé ní June 2024 ni wọ́n sì máa fi pín in, wọ́n tún yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ fún Áfíríkà torí kò tíì sí ẹni tó yege láti ibẹ̀, Kẹ́ńyà ló padà gba ìyẹn. Ibí yìí ni ìṣirò ti wọ̀ ọ́. Ràǹkíǹ yẹn, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù ni póìntì ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fìdí rẹmi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó borí, tẹ́ ẹ bá na ẹni tó jù yín lọ ẹ ó gba púpọ̀, tí ẹni kékeré bá wá nà yín, ẹ gbé! Bàbá òyìnbó kan wà ní báà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àǹtí, réluwéè ló ti fẹ̀yìntì, ẹ̀yìn rísíìtì kọfí ló máa ń kọ ọ́ sí. Ó máa wọ awò ojú, á fi bírò pupa to orúkọ wọn sísàlẹ̀, Ṣáínà, Jàpáàn, Nẹ́dálándì, á fàlà sábẹ́ Nẹ́dálándì lẹ́ẹ̀mejì torí wọn ló ń bà á lẹ́rù, á wá máa gbá rísíìtì náà mọ́ tábìlì bí ẹni ń ta ayò. Àǹtí á lọ mu kọfí, á ní "Bàbá, ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀, ẹ sáà ní kí wọ́n fún Egonu ní bọ́ọ̀lù." Gbogbo báà á bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n sì fún un lóòótọ́. Julio Velasco, bàbá ará Ajẹntínà, ló gba iṣẹ́ kóòṣì, Egonu padà wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ sí i, wọ́n tún fi gba ife Nations League ní Bangkok lórí Jàpáàn. Paris ńkọ́? Sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n pàdánù níbẹ̀ látòkèdélẹ̀, ní August 11 wọ́n na Amẹ́ríkà 3-0, wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí fọ́líbọ́ọ̀lù Ítálì gbà láyé, ọkùnrin àtobìnrin. Àwa ń jó lọ́wọ́, wọ́n ya àwòrán Egonu sára ògiri kan ní Róòmù, kò ju ọjọ́ kan lọ tí ẹnì kan ti lọ fi ọ̀dà kun àwọ̀ ara ẹ̀ di ti òyìnbó. Ẹ sọ fún mi, kí lèèyàn tún fẹ́ gbà wá fún wọn ju wúrà lọ?

Ibi tó ti ń dùn mí gan-an ni ti pásípọ́ọ̀tù yìí. Ọmọ mi, ibí ni mo bí i sí, èdè wọn yọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ju tèmi lọ, àtọdún 2016 lòfin sì ti gba irú ẹ̀ láyè kó gbá bọ́ọ̀lù fún kílọ́ọ̀bù bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Àmọ́ tó bá di ti tíìmù orílẹ̀-èdè, wọ́n á ní pásípọ́ọ̀tù dà? Òfin 1992 ní ọmọ àlejò tí wọ́n bí síbí tí kò kúrò níbí, ó di ọmọ ọdún 18 kó tó lè béèrè, àfi tí òbí ẹ̀ bá ti gbà á, òbí ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti gbébí fọ́dún 10, kó tún wá jókòó ti fáìlì tó lè gba ọdún 3. Ọmọ ọdún 14 ni Egonu nígbà tí bàbá ẹ̀ rí tiẹ̀ gbà. Ọmọ ọdún 17 ló wà tó gbá bọ́ọ̀lù ní Òlíńpíìkì Rio 2016. Ẹ bá mi ṣírò ìyẹn náà sẹ́yìn rísíìtì: ká ní wọn ò dá bàbá ẹ̀ lóhùn ni, ilé ni ì bá ti máa wo Rio lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní June 2025 wọ́n dìbò pé kí wọ́n sọ ọdún 10 yẹn di 5, ó yẹ kí àwọn olùdìbò tó jáde ju ìdajì lọ, bí 30 nínú 100 ló jáde, ó sì forí ṣánpọ́n. Bàbá onírísíìtì lọ dìbò, mo mọ̀ torí ó wá fi káàdì ẹ̀ tí wọ́n lù lóǹtẹ̀ han àǹtí. Àwọn míì tí wọ́n ń fi ìwo pariwo "Paola, Paola" nígbà Paris, wọ́n ní òkun làwọn lọ lọ́jọ́ yẹn, oòrùn mú.

Ní báyìí, Los Angeles 2028 ló kù. Ítálì ti gba ife àgbáyé 2025 lórí Tọ́kì, 3-2, àyà wa fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ètò tíkẹ́ẹ̀tì ti yí padà: ẹni bá gba ife kọ́ńtínẹ́ǹtì ẹ̀ ní 2026 ń lọ tààrà, Áfíríkà náà bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, àwọn ọmọ wa tí wọn ò dé Òlíńpíìkì nínú fọ́líbọ́ọ̀lù rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún wọn ní bọ́ọ̀lù àti jímù tó dáa, Kẹ́ńyà kì í ṣe iwin. Ti Yúróòpù, Istanbul ní Tọ́kì ni wọ́n fi fáínà sí, ìyẹn ẹnu ọ̀nà Vargas. Àǹtí ní Ítálì máa gbà á, èmi ní tí Vargas bá tún ṣe wá bíi ti 2023, ẹni mẹ́ta ṣì ń rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà níbi ìdíje àgbáyé 2027, bàbá onírísíìtì sì ní ká má tíì dá ràǹkíǹ nù, ó ti ń wá bírò.