Iná Ni Mo Fi Ń Pa Ààlà fún Aró

Abọ́ igi kan wà lórí pẹpẹ nínú ilé mi ní Ẹ̀pẹ́ tí n kò lè tà, tí ọkàn mi kò sì gbà kí n fi dáná. Igi afàrà ni, ọ̀gá tí ó ń bá mi yí igi lórí ẹ̀rọ sì ti yí i títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́lẹ́ bí ètí igbá. Ìpẹ́ ẹja ni mo yà yí ẹnu rẹ̀ ká, nítorí pé ẹni tí ó dàgbà sí ẹ̀bá ọ̀sà, tí ó ń bá ìyá rẹ̀ ná ọjà ẹja ní Olúwo, kì í wá àwòrán lọ jìnnà. Mo kun ìpẹ́ kan ní pupa, mo kun èkejì ní aró, mo ní bí ó bá gbẹ tán ni n ó fi iná fa ìlà sí àárín wọn. Kí n tó dé orí ìpẹ́ kẹwàá, pupa ti wọ inú aró, gbogbo rẹ̀ ti di rúdurùdu.

Ihò tín-ín-tín tí igi fi ń fa omi láti inú ilẹ̀ nígbà tí ó wà lóòró kì í dí nígbà tí a bá gé e lulẹ̀. Aró tí a bá fi kàn án yóò gba ọ̀nà kan náà, yóò sì lọ síbi tí a kò rán an. Ṣùgbọ́n ibi tí iná bá ti jó igi, ojú ibẹ̀ á dì, á sì jin díẹ̀ bí poro láàárín ebè, nítorí náà bí aró bá ṣàn dé ibẹ̀, yóò dúró. Iná ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Èéfín igi tí a ti kùn tún lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró níbi.

Irin tí mo ń lò rí bíi bírò tí wọ́n so mọ́ wáyà, iná mànàmáná ni ó sì ń mú ẹnu rẹ̀ gbóná. Kí irin tó kan abọ́, mo máa ń fi aṣọ tútù nù ún kí irun igi lè dìde, bí ó bá sì gbẹ, n ó fi sáńpépà 320 pa á rẹ́, kí omi aró má baà tún jí i. Abọ́ kì í ṣe pátákó. Bí a bá yí i ká, a ó rí ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó kọjú síra, tí ojú wọn rí bí ojú kùkùté tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àti méjì mìíràn tí ìlà igi sùn gbọọrọ sí. Ibi tí ìlà sùn sí yìí ni irin ti máa ń kọsẹ̀: yóò rì níbi tí igi ti rọ̀, yóò sì fò lórí ibi tí ó le. N kì í tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì mi ni ó ń yí abọ́ jẹ́jẹ́, ọwọ́ ọ̀tún kàn dúró sójú kan ni, mo sì ti máa ń gbé irin kúrò kí ìlà tó parí, nítorí pé bí irin bá sinmi ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, àmì dúdú róbótó ni yóò fi síbẹ̀. Ojú kùkùté ni ó ń mu aró jù, nítorí náà mo máa ń bu omi la ti ibẹ̀.

Ní ti pupa, osùn ni mo fẹ́ràn jù. Omi lásán kì í fa àwọ̀ rẹ̀ jáde. Bí a bá pò ó mọ́ omi, yóò kàn sùn sísàlẹ̀ ni. Ọtí ni ó ń tú u. Mo máa ń da ìyẹ̀fun osùn sínú ògógóró, n ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, n ó sì sẹ́ ẹ. Pupa tí ó bá jáde á mọ́ débi pé a ó máa rí ìlà igi lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà a máa bo igi, ìyẹn ni n kò ṣe fẹ́ ẹ. Ó dùn mí pé oòrùn ń pa osùn, nítorí náà n kì í gbé abọ́ olósùn sí ojú fèrèsé. Inú abọ́ ni n kì í kùn rárá, torí ẹni tí ó rà á lè bu ẹ̀wà sí i lọ́la.

Èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi báyìí, ti ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìpẹ́ méjìlélógójì ni mo fi iná yà sí ẹnu rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì bọ́ sórí kókó igi, níbi tí ìlà ti lọ́ po bí omi tí ń yí. Mo ti ti búrọ́ọ̀ṣì bọ osùn kí n tó rí i. Mo nu búrọ́ọ̀ṣì náà, mo sì fi àwọn mẹ́ta yẹn sílẹ̀ láìkùn.