Ẹ̀wà Amona

Ṣíbí kan péré ni ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú ní Gipuzkoa, ní ilẹ̀ Basque lórílẹ̀-èdè Spéìn, tọ́ wò nínú ẹ̀wà tí mo kọ́kọ́ sè fún wọn, wọ́n sì ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ti Tolosa," ìyẹn ìlú kan ní Gipuzkoa tí ẹ̀wà dúdú rẹ̀ lókìkí. Ẹ̀wà dúdú ṣáá ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ta ló máa se ẹ̀wà mìíràn fún màmá mi nílé, táá pè é ní olóyin, tí wọn ò ní mọ̀?

Lọ́jọ́rú, amona, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, rán mi lọ ra ẹ̀wà Tolosa ní ọjà ìlú Ordizia. Láti ọdún 1512 ni wọ́n ti ń ná an ní gbogbo Ọjọ́rú. Mo rí ata Ibarra tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé, ata Gernika, àti wàràkàṣì Idiazabal. Wàrà àgùntàn Latxa tí wọn kì í sè ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ lò tó ọgọ́ta ọjọ́ kí wọ́n tó tà á. Irun àgùntàn náà le kankan, wàrà rẹ̀ ò sì pọ̀, àmọ́ òjò àti òkè kì í bà á lẹ́rù. Ẹlẹ́dẹ̀ wọn tí orí àti ìdí rẹ̀ dúdú, Euskal Txerri, fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní nǹkan bí ọdún 1980, kí àwọn àgbẹ̀ Aldude lápá Faransé tó gbà á là.

Ẹ̀wà Tolosa kò nílò kí a rẹ ẹ́ sómi. Iná jẹ́jẹ́, àlùbọ́sà, òróró díẹ̀, omi rẹ̀ á ki, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Amona jẹ ẹ́ tán, wọ́n wá ń sọ̀tàn oko bàbá wọn fún mi: ara igi àgbàdo ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀wà gùn, wọn kì í ra igi kankan fún un. Oko bàbá tèmi ni mo rí lójú mi, iṣu lábẹ́, àgbàdo lókè.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe màmá mi ní Èkìtì, mo bi wọ́n bóyá òtílí, irú ẹ̀wà ilẹ̀ wa kan, ṣì wà lọ́jà. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí i. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n pè mí padà: wọ́n ti rí kọ́ńgò kan lọ́wọ́ ìyá kan lábúlé. Wọ́n se ìlàjì, wọ́n gbin ìyókù sẹ́yìnkùlé.