Fíúùsì Ọkọ̀ Tó Ń Jó Ní Àjótúnjó: Ẹ̀kọ́ Tí Iṣẹ́ Ríwáyà Kọ́ Mi

Fíúùsì kì í jó lásán. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó tún jó, ẹ má wulẹ̀ ki ẹ̀kẹta sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fíúùsì áńpù 30 síbi tí áńpù 15 wà, tàbí kó fi fọ́nrán wáyà so ó pọ̀ kí takisí ṣáà lè dé Lagere ní Ifẹ̀ níbí. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe. Wáyà tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló sọ di fíúùsì, ibẹ̀ sì ni iná ti máa ń mú odindi mọ́tò. Ẹ̀yìn ìdérí àpótí fíúùsì ni wọ́n sábà máa ń kọ iye tó yẹ sí. Àwọ̀ wọn náà ń sọ̀rọ̀: pupa ni 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30.

Ẹ wo èyí tó jó kí ẹ tó jù ú nù. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú, tí irin inú rẹ̀ fọ́n ká, wáyà kan ti bíríìjì mọ́ bọ́dì ọkọ̀ nìyẹn, ìyẹn ni pé irin inú wáyà náà ti kan irin ọkọ̀ ní tààrà. Bó bá kàn yọ́ láàárín, tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, ẹrù ló pọ̀ jù fún un: mọ́tò wáípà tó há, fáànù tó ti ń le, tàbí gílóòbù tó lágbára ju èyí tó yẹ lọ. Gílóòbù iwájú méjì oní-55 wáàtì ń fa bí áńpù 9. Ẹni tó bá fi oní-100 wáàtì méjì síbẹ̀ ti sọ ọ́ di bí áńpù 17, fíúùsì 15 kò sì lè gbé ìyẹn.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé, ìgbà wo ló ń jó? Bó bá jó bí ẹ ṣe ń kì í bọlé, tí ẹ kò tíì yí kọ́kọ́rọ́, orí wáyà tí iná wà nígbà gbogbo ni kí ẹ wá a lọ. Bó bá dìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì, ó wà láàárín súwíìsì bíréèkì àti iná ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ rìfáásì, ẹ yẹ wáyà tó lọ síbi jíà wò, torí ó máa ń sún mọ́ sálẹ́ńsà. Bó bá sì jẹ́ inú kòtò nìkan ló ti ń jó, wáyà kan wà tó ń fì.

Irinṣẹ́ tí mo gbára lé jù kò wọ́n: gílóòbù 21 wáàtì kan pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wáyà méjì, àti fíúùsì tó ti jó. Ẹ fá ike orí fíúùsì náà títí irin méjèèjì yóò fi yọ síta, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ wọn. Bí ẹ bá ń ki wáyà lásán bọ ojú ihò fíúùsì, ihò náà yóò là, kò sì ní di fíúùsì tuntun mú dáadáa mọ́. Gílóòbù yìí lẹ ó wá kì sí ààyè fíúùsì. Kò ní jẹ́ kí iná tó ju nǹkan bí áńpù 1.75 kọjá, nítorí náà kò sí wáyà tí yóò gbóná, bó ti wù kí bíríìjì náà le tó. Bíríìjì ń mú un tàn yòò.

Àmọ́ ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí àwọn gílóòbù ẹ̀yìn bá ṣì wà lójú wọn, tí ẹ tẹ bíréèkì, tiyín yóò tàn dáadáa láìsí bíríìjì kankan, torí inú wọn ni iná ń gbà lọ sí bọ́dì. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná lórí fíúùsì náà. Bó bá ṣì tàn yòò lẹ́yìn ìyẹn, wáyà ló bíríìjì. Bó bá kú, ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wé òsì. Ẹ má gbàgbé gílóòbù fúnra rẹ̀: bí wọ́n bá ki olójú kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì, ó máa ń so bíréèkì pọ̀ mọ́ iná ẹ̀yìn. Mítà tí a fi ń wọn iná náà ní àléébù kan náà. Gílóòbù 21 wáàtì tó tutù kì í sábà tó òómù kan (òómù ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná), mítà á sì máa ké bíi pé wáyà kan bọ́dì.

Wàyí o, kí ẹnì kan máa wo gílóòbù, kí ẹnì kejì máa mi ìdì wáyà díẹ̀díẹ̀ láti àpótí fíúùsì lọ sẹ́yìn. Ibi tí gílóòbù bá ti ṣẹ́jú ni kí ẹ tú. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí wáyà ti ń ká tó ń nà: ìdè búùtù, àti rọ́bà ẹnu ìdè ilẹ̀kùn. Fún ọkọ̀ tó ń kó kòkó tàbí iṣu wọ Ifẹ̀, inú búùtù ni kí ẹ wò ṣáájú, torí àpò máa ń tẹ wáyà ẹ̀yìn iná mọ́ irin. Lẹ́yìn náà, ibi tí wọ́n ti fi rédíò tàbí àláàmù síi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi wọ́n sí ọkọ̀ ń gé wáyà kiri, wọn kò sì ń bo ojú rẹ̀. Bí eku bá ti wọ ọkọ̀ tó pẹ́ nílẹ̀, ẹ ó rí àpá eyín lára wáyà. Wáyà tó bá wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ti éàbáàgì, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ẹ gé ibi tó bó kúrò, kí ẹ fi wáyà tó nípọn bákan náà dípò rẹ̀. Ẹ ti kọ́kọ́ ki rọ́bà tó máa ń súnkì bọ wáyà kí ẹ tó jó o pọ̀, torí kò ní ṣeé kì mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Téèpù nìkan kò tó. Oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, á sì ṣí. Bí wáyà bá gba inú ihò irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ẹnu ihò náà.

Ẹ má tíì ki fíúùsì gidi. Ẹ dá orí bátìrì padà, kí ẹ jẹ́ kí gílóòbù wà síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣí búùtù tí ẹ ń pa á dé, bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ sì fì ọkọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì. Bí kò bá ṣẹ́jú rárá, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá ki iye tó wà lẹ́yìn ìdérí.