Àyẹ̀wò ọdún 2025: Dakar, Addis, Bahia, àti ẹ̀wà Yèyé mi

Ọyẹ́ ti mú ní Iléṣà. Ètè mi ń bó láti àná, eruku pupa sì ti bo gbogbo ojú fèrèsé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo jókòó sí pẹ̀lú ìwé tí mo rà lóṣù Kìíní ọdún, èyí tí mò ń kọ gbogbo oúnjẹ tí mo bá jẹ lájò sí. Ojú ewé méjì péré ló kù nínú rẹ̀. Epo pupa ta sí ẹ̀yìn ìwé náà, epo Bahia ni, mi ò sì fẹ́ kó parẹ́.

Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Atákúnmọ́sà. Ọmọ òṣómàáló ni mí. Bàbá tó bí bàbá mi gbé aṣọ rìn jìnnà, ó ń tà á láwìn, bí onígbèsè bá sì ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún títí owó á fi pé. Òṣó ni màá ló gbowó mi: ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ọ̀rọ̀ bàbá náà ò kúrò lọ́kàn mi lọ́dún yìí, torí mo rí i pé gbogbo oúnjẹ tó wọ̀ mí lára lájò, òṣòó ni mo ló ti ẹni tó ń sè é kí n tó mọ̀ ọ́n. Àwọn èyí tí mo jẹ nídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kà á lónìí, mi ò rántí adùn ìkankan nínú wọn.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi dá àjọ fún ìrìn àjò ọdún yìí. Mo dúpẹ́ pé ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ geere o. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ físà Brazil lé lọ́wọ́ gba owó, oṣù méjì kọjá, kò ṣe nǹkan kan. Èmi fúnra mi ni mo padà lọ to ìwé mi jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé báńkì àti yẹ́lò káàdì. Owó yẹn ò padà. Mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Dakar ni mo kọ́kọ́ lọ, lóṣù Kẹrin. Àwa ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà láti wọ Senegal, ìyẹn ló jẹ́ kí n fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́. Mo wọ ilé oúnjẹ kan létí òkun, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹja wá nínú àwo pẹrẹsẹ, owó tí mo san tó ra àǹkárá odindi, ìrẹsì náà ò sì dùn lẹ́nu rárá. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tí mo ń ná aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú mi lọ sílé wọn ní àdúgbò Médina. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ò ju ká kíra lọ, ṣùgbọ́n ọlọ́jà àti ọlọ́jà kì í ṣòroó gbọ́ra yé. Ceebu jën ni wọ́n ń sè, ìrẹsì ẹlẹ́ja tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2021. Mo lóṣòó tì í.

Wọ́n gún ata, áyù àti ewé kan tó ń ta sánsán pọ̀, wọ́n dá ẹja náà lu, wọ́n sì ki gígún náà bọ inú ihò. Wọ́n dín ẹja náà kí wọ́n tó fi tòmátì sínú òróró, lẹ́yìn náà ni wọ́n da omi sí i. Pákí, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti ìgbá wọnú omi yẹn lódindi. Ìgbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde tán ni ìrẹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìrẹsì wẹ́wẹ́ tó ti dá, kó lè mu gbogbo omi adùn náà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Wolof ibẹ̀ lorúkọ jọ̀lọ́ọ̀fù tí àwa àti àwọn ará Ghana ń jà lé lórí ti wá. Jolof ni ilẹ̀ ọba wọn láyé àtijọ́ ń jẹ́. Lójú tèmi, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jà náà lọ jẹ tiwọn lẹ́ẹ̀kan.

Ọpọ́n ńlá kan ni gbogbo wa yí ká. Iwájú rẹ ni wàá ti jẹ, o ò gbọdọ̀ na ọwọ́ kọjá ibẹ̀. Ìyá àgbà ilé náà ló ń já ẹran ẹja, tó sì ń tì í sí iwájú àlejò. Mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí bí Yèyé mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ká tó túká, ọmọbìnrin ilé náà ṣí ike kékeré kan hàn mí. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná: irú ni! Nététou ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ọbẹ̀ ilá alépo pupa tí wọ́n ń pè ní soupou kandja ni wọ́n máa ń fi í sè. Mo padà lọ jẹ ìyẹn náà lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, mi ò lọ sí Gorée, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú láyé àtijọ́, tí mo ti sanwó ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Mo kábàámọ̀ Gorée, ó yẹ kí ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ yẹn. Ọbẹ̀ náà ni mi ò kábàámọ̀.

Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia, ò gbà mí ju ọjọ́ méjì lọ, nítorí ibẹ̀ la ti ń wọ bàálù mìíràn lọ sí Brazil. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án, ni mo débẹ̀. Ọdún tuntun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ọjọ́ kọkànlá ni, 2018 ni wọ́n sì ń kà. Àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í jẹ ẹran lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí náà ẹ̀fọ́ àti oríṣiríṣi ẹ̀wà ni wọ́n bù yí ká orí injera fún mi. Ọkà wẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ́ teff ni wọ́n fi ń ṣe injera. Wọ́n á po ìyẹ̀fun rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, bíi ti ògì wa. Obìnrin tó jókòó tì mí ká injera mọ́ ọbẹ̀, ó sì fi í sí mi lẹ́nu. Gursha ni wọ́n ń pe ìyẹn, àpọ́nlé ni. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kọfí, tí wọ́n yan lójú mi, ife mẹ́ta. Ife kẹta ń jẹ́ baraka. Mo ní àwa náà ní àlùbáríkà. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ni ọdún yìí fi jẹ́ ọdún fún mi.

Mo ti gbọ́ láti kékeré pé wọ́n ń dín àkàrà ní Brazil. Gbígbọ́ kọ́ ni rírí. Ní Rio Vermelho, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, ìyá kan jókòó lẹ́yìn àtẹ pẹ̀lú aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ àti gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, agbada epo pupa ń hó níwájú rẹ̀. Epo pupa o, kì í ṣe òróró. Odindi àlùbọ́sà kan wà nínú epo náà tó ń yí kiri. Wọ́n ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kí epo jó. Ó ń fi ṣíbí igi gígùn lu ẹ̀wà lílọ̀ nínú ìkòkò, ó ń lù ú, ó ń lù ú, títí ó fi funfun tó sì wú. Ẹ̀wà funfun olójú dúdú kan náà ni, tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sì bó. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ata.

Àkàrà ibẹ̀ tó ìkúùkù ọwọ́. Ìyá náà yọ ọ́, ó fi ọ̀bẹ là á láàárín, ó sì bi mí léèrè: “Quente?” Mo rò pé ó ń bi mí bóyá mo fẹ́ kó gbóná. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń mú mi kiri ló ṣàlàyé pé ata ni ìyá ń béèrè; “gbígbóná” ni èyí tó láta, “tútù” ni èyí tí kò ní. Mo ní kí wọ́n fi ata sí i dáadáa. Ó wá ki vatapá sí inú rẹ̀, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n fi omi àgbọn, ẹ̀pà, edé àti epo pupa rò pọ̀, ó fi caruru tó jẹ́ ilá sí i, ó sì fi edé gbígbẹ bò ó. Acarajé lorúkọ rẹ̀. Jíjẹ ló wà ní ìparí orúkọ yẹn, torí bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe ń kiri rẹ̀ nìyẹn nígboro: àkàrà rèé, ẹ wá jẹ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú epo lọ́wọ́, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ata kọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi lóṣòó tì í. Ọya ló ni àkàrà níbẹ̀, Iansã ni wọ́n ń pè é. Mo jẹ abará náà, ẹ̀wà lílọ̀ kan náà tí wọ́n fi epo pupa àti edé pò, tí wọ́n wé sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì sè. Ọ̀ọ̀lẹ̀ wa nìyẹn, ewé eéran nìkan ni ò sí nídìí ẹ̀. Amalá wọn ló yà mí lẹ́nu: ilá tí wọ́n sè fún Ṣàngó ni wọ́n ń pe bẹ́ẹ̀, kò sí èlùbọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà yìí sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá sì ni ọjọ́ wọn. Nígbà tí ìdíje Ife Àgbáyé 2014 ń bọ̀, òfin ìdíje náà fẹ́ lé wọn jìnnà sí pápá ìṣeré Fonte Nova. Wọ́n pariwo, wọn ò gbà, àkàrà sì wọ ibẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn gidigidi. Mo bá àwọn kan pàdé tí wọ́n ti di ọmọ ìjọ, tí wọ́n wá ń pe acarajé tiwọn ní “bolinho de Jesus”, ìyẹn àkàrà Jésù, kí wọ́n má bàa dá orúkọ òrìṣà. Àwọn ìyá tó kù ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Èmi ò lè bá wọn dá sí i, nítorí ilé tiwa náà.

Ìbejì ni mí. Kẹ́hìndé lorúkọ mi, Táyé wà ní Ìbàdàn. Nígbà tí a wà ní kékeré, Yèyé mi máa ń se ẹ̀wà fún wa, ẹ̀wà rírọ̀ tó kún fún epo, á pe gbogbo ọmọ àdúgbò jọ, wọ́n á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wá nígbà tí wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìbọ̀rìṣà ni. Yèyé mi dáwọ́ rẹ̀ dúró. A ò jọ sọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ Sátidé, ni ọjọ́ Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń se caruru ní Salvador fún ìbejì. Ọ̀dọ́kùnrin náà mú mi lọ sílé àǹtí rẹ̀ lẹ́yìn Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà. Ilá gígé kún agbada bámúbámú, àwọn obìnrin mẹ́fà ti fi òru gé e. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ méje jókòó, àwọn ọmọ méje yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun kí àgbà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin kékeré kan fi ọwọ́ méjèèjì bu oúnjẹ, epo dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìbejì ni mí, àti pé láti ilẹ̀ Yorùbá ni mo ti wá, ìyá ilé dìde, ó dì mọ́ mi, kò sì tètè tú mi sílẹ̀. Mo pe Táyé lórí fóònù. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo àwọn ọmọ náà.

Mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àmì epo yẹn nìkan ló wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ìlú kan ṣoṣo ni màá lọ, ọjọ́ mọ́kànlélógún ó kéré tán. Ó dá mi lójú pé ọjọ́ mẹ́rin kò tó láti mọ ọwọ́ ẹni tó ń lu ẹ̀wà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Bahia náà ni. Ohun tí mo ṣèlérí tí mi ò ṣe ni pé kí n kọ́ ọ̀ọ̀lẹ̀ wíwé lọ́dọ̀ Yèyé mi kí ọdún tó parí. Mo ṣì ń fa ewé ya. Erin-Ìjẹ̀ṣà tí kò jìnnà sí wa, tí àwọn àlejò ń ti òkèèrè wá wo omi Olúmirin bó ṣe ń já wálẹ̀ ní ìpele méje, oṣù yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá. Iyán tí mo jẹ lábúlé lẹ́yìn tí a sọ̀ kalẹ̀, mo fi ojú ewé kan gbáko kọ ọ́.

Táyé dé láti Ìbàdàn fún Kérésì. Mo ti sọ gbogbo nǹkan tí mo rí fún Yèyé mi láti oṣù Kẹwàá, wọn ò dáhùn. Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú igbá. Wọ́n ní, “Kẹ́hìndé, lọ dáná. Oúnjẹ ọmọdé ni, kò sí ohun tí Ọlọ́run máa bínú sí nínú ẹ̀.” A sè é títí ó fi rọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ju méje lọ, Yèyé mi ní kí a má lé ẹnì kankan. Kí a tó bù ú, wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò, wọ́n wo èmi àti Táyé, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ ò tíì dé.