Ọkọ̀ Kẹsàn-án Tí Mo Lọ Wò

Ó ti pé ọdún méjì tí èmi àti ìyàwó mi ti ń wá ọkọ̀ onígbòkun tí a lè fi la òkun Àtìláńtíìkì já. Èyí tí a lọ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìkẹsàn-án. Ẹsẹ̀ bàtà 36 ni gígùn rẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n kàn án. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, pákó pupa tó ń dán ni wọ́n fi ṣe é. Ká tó jókòó, ìyàwó mi ti mú ibi tí yóò máa sùn.

Mo bọ́ bàtà, mo yọ òòlù onírọ́bà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn òkè ọkọ̀ tí à ń rìn lórí rẹ̀, láti iwájú bọ̀ wá sẹ́yìn. Kó, kó, kó. Ohùn tó le bẹ́ẹ̀ ni mo ń fẹ́. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ òpó tó gbé ìgbòkun dúró, ohùn yí padà: pù, pù, bí ìgbà téèyàn ń lu páálí tó rin. Balsa, igi kan tó fúyẹ́ gan-an, ni wọ́n tẹ́ sáàárín fáíbàgíláàsì òkè àti tìsàlẹ̀ kí dẹ́ẹ̀kì má bàa wúwo. Tí omi bá gba ojú ìdè kan wọlé, igi náà á máa jẹrà níbẹ̀, òkè á ṣì máa dán.

Mo wọlé, mo tú pákó tó bo abẹ́ ibẹ̀. Chainplate ni mo ń wá, irin pẹlẹbẹ tí wáyà tó di òpó mú so mọ́. Ìlà pupa kan ti ṣàn láti ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Irin tí wọ́n ní kì í dógùn-ún náà ń fẹ́ atẹ́gùn. Tí omi bá há mọ́ ọn níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, á máa sán láti inú. Ọjọ́ tí irin náà bá já, òpó á wó. Ó dùn mí gan-an. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ni ín, a sì lọ.

Àwọn kan ní ká kúkú wá ọkọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò gbà. Ẹsẹ̀ bàtà 32 péré ni Suhaili, tí Robin Knox-Johnston fi yí ayé po lóun nìkan láìdúró níbì kankan, fún ọjọ́ 312, lọ́dún 1968 sí 1969. Bí ọkọ̀ ṣe ń tóbi ni ìgbòkun rẹ̀ ń tóbi, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì wà lókè lóru tí ìjì bá dé, nítorí ẹnì kejì ń sùn. Ohun tí mo ń wò ni ìtọ́kọ̀, ohun tí a fi ń darí ọkọ̀, tí kò dá rọ̀ sínú omi láìní alátìlẹ́yìn, ibi ìjókòó tó kéré tí omi ìgbì á tètè ṣàn kúrò nínú rẹ̀, àti táǹkì omi mímu. Lítà 4 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún ọgbọ̀n ọjọ́, lítà 240 nìyẹn fún àwa méjèèjì.

Ẹsẹ̀ bàtà 34 ni ìkẹwàá. Ìyá tó ni ín sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ti tú gbogbo chainplate rẹ̀, àwọn sì ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tọ́jú ti àtijọ́ sínú báàgì kí n lè fojú ara mi rí i. Sátidé là ń lọ.