Ibi tí mo ti jẹun yó ní Zanzibar

Látìgbà tí mo ti padà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni àǹtí mi ti ń bi mí pé kí ni mo rí jẹ ní erékùṣù tí kò ní àmàlà. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ní Stone Town, àdúgbò àtijọ́ ní ìlú Zanzibar, ilé oúnjẹ Lukmaan ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Kò sí fáàrí níbẹ̀: oúnjẹ wà lórí káńtà, ẹ ó kàn nàka sí èyí tó bá wù yín. Ìrẹsì pilau ni mo gbà, pẹ̀lú pweza, ẹran òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ nì, tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di Forodhani, ọjà oúnjẹ alẹ́ létí òkun. Ọbẹ̀ urojo ló mú mi lọ́kàn jù níbẹ̀. Àwọ̀ gbẹ̀gìrì ló ní, àmọ́ ó kan, nítorí máńgòrò àti àjàgbọn. Wọ́n á da ọ̀dùnkún, àkàrà kéékèèké àti ẹ̀gẹ́ díndín sínú ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ wa yìí náà kúkú rìn jìnnà! Ẹ fi omi ìrèké alátalẹ̀ sìn ín.

Ẹja tí wọ́n fi igi gún bíi sùúyà ńkọ́? Ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àwọn kan máa ń wo ojú àlejò díye lé ọjà. Pízà wọn kò wú mi lórí.

Bó bá jẹ́ oṣù ààwẹ̀ lẹ fẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ búkà kì í ṣí lọ́sàn-án. Ẹ gbé gàrí dání.