Ilé ìdáná tí a jọ ń lò

Kàbà, alẹ́ Sátidé, oṣù Ògọ́sì

Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀ mo lọ sọ́jà, kí n tó dé ìdí àwọn oníṣu, mo ti dáhùn "Ọ̀kún o" tó ogún. Àwa ará Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, kíkí yẹn gan-an ni wọ́n fi ń pè wá. Ní gbogbo ọdún méjì tí mo lò ní Leipzig, ní Jámánì, òun ni etí mi ṣàárò jù.

Àbúrò mi, ọmọ àǹtí mi, ló jẹ́ kí n máa kọ èyí lálẹ́ yìí. Yunifásítì kan ní Jámánì ti gbà á wọlé, oṣù Ọ̀kitóbà ni sáà ń bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe jẹ iyán tán ló sún mọ́ mi: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, irú yàrá wo ni kí n gbà?" Gbogbo èèyàn ló ti gbà á nímọ̀ràn pé kó wá èyí tó dá dúró, tó ní ilé ìdáná tirẹ̀, kí àwọn àjèjì má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní rárá. Kó gba yàrá nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́, kó sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n jọ ń dáná. Kó tètè kọ orúkọ sílẹ̀, nítorí àwọn tó ń dúró de yàrá kì í kéré.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kó sí báńkì kó tó rí físà gbà, láti ọdún 2024, 11,904 yúrò ni lọ́dún, 992 péré ló sì lè fà jáde lóṣù. Owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, 18.36 yúrò lóṣù, ilé ni wọ́n fi ń ka òun, kì í ṣe orí. Ilẹ̀kùn àbáwọlé kan ni àwa mẹ́fà tí a jọ ń gbé ní, a jọ ń dá owó náà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí owó ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Lóṣù Disẹ́ńbà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Leipzig, aago mẹ́jọ àárọ̀ á sì lù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀kùn yàrá gbogbo á wà ní títì. Ilé ìdáná nìkan ni iná ti ń tàn tí o sì lè bá èèyàn.

Nílé, ẹni tó ń jẹun ló ń ní "Ẹ wá jẹun", ẹni tó ń kọjá á ní "Á gba ibi ire", á sì máa lọ. Ní Jámánì, ẹni tó ń kọjá ló ń sọ̀rọ̀: "Guten Appetit", kí oúnjẹ dùn mọ́ ọ lẹ́nu. Ẹni tó ń jẹun á dúpẹ́, ó parí. Lọ́jọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, ọmọbìnrin Indonéṣíà kan wọlé nígbà tí mo ń jẹ ìrẹsì. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára, mo ní kó wá jẹun. Ó lọ mú ṣíbí. Ó jókòó, a jọ jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ará ilé.

Òun náà ló wà níbẹ̀ ní oṣù Jánúárì tí wọ́n pè mí láti ilé pé màmá àgbà ti lọ. Kò sí bí mo ṣe lè wá sìnkú. Mo jókòó sílé ìdáná láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó bọ́ tíì, ó gbé e ka iwájú mi, ó jókòó tì mí, kò sọ ohunkóhun. Ọmọkùnrin Jámánì tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi dé, ó wo ojú wa, òun náà fa àga. Ká ní yàrá àdáni ni mo gbà, ògiri nìkan ni ǹ bá máa wò mọ́jú.

Mo sọ èyí tó le fún un pẹ̀lú. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, ariwo kò sí. Ọjọ́ Sọ́ńdè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí. Èmi kò mọ̀. Mo ra iṣu Gánà ní ìsọ̀ àwọn ará Áfíríkà, mo gbé odó kékeré tí mo kó lọ láti ilé kalẹ̀ lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa gòkè wá. Kò jágbe mọ́ mi. "Sọ́ńdè lòní," ló sọ, ó sì padà. Ara mi bù máṣọ. Láti ìgbà náà, ọ̀sán Sátidé ni mo ń gúnyán, mo sì ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ odó.

Àbúrò mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè pé ṣé kí òun gbé odó lọ. Mo ní kó gbé e, kó má sì gbàgbé bùláńkẹ́ẹ̀tì.